Òkúta Tí Bàbá Sè

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ má jókòó sórí àga pupa. Àga dúdú wà níbẹ̀, ó mọ́, kò sì mì. Ẹ jókòó síbẹ̀. Obìnrin kan fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní oníbàárà lòun, ibi tó bá wu òun lòun ó jókòó sí. Mo gbé òrùka tó fẹ́ kí n tún ṣe lé e lọ́wọ́ padà, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé orí mi ti ń dàrú díẹ̀díẹ̀, pé ọjọ́ orí ni. Kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó fara balẹ̀ gbọ́, nítorí mi ò ní agbára à ń tún un sọ.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí n fi òkúta sẹ́nu òrùka, kí n wá pa ẹnu òrùka náà dé mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀, débi pé bí ẹ bá sọ ọ́ mọ́gi, òkúta ò ní yọ. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, òkè ni yàrá mi méjì. Ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlógún, mi ò sì bímọ. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, kò tún sí ohùn kankan nínú ilé àfi ti aago ara ògiri, òun náà sì máa ń dákẹ́ nígbà míràn.

Lára ògiri, lókè tábìlì mi, ni ìgbàyà wà nínú àpótí onígíláàsì. Bàbá ló ṣe é ní àwòkọ ti Árónì tó wà nínú Ẹ́kísódù: òkúta méjìlá ní ìlà mẹ́rin, tí orúkọ ọmọ Ísírẹ́lì kọ̀ọ̀kan wà lára òkúta tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi kó àwọn òkúta náà jọ, sádíù, tópásì, sáfírè, amétístù, títí dé jásípérì tó kẹ́yìn. Àgbà ìjọ ni Bàbá. Bí oníbàárà bá wá béèrè òkúta oṣù tí wọ́n bí i, ó dìgbà tó bá gbọ́ ìwàásù kó tó rí òrùka.

"Mósè ò dárúkọ oṣù kankan o," Bàbá á wí. "Àwọn tó dé lẹ́yìn ló pín in, òkúta méjìlá fún oṣù méjìlá. Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ ò yí padà. Òkúta kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Orúkọ èèyàn ni, tí àlùfáà gbé sáyà wọlé lọ bá Ọlọ́run, kí wọ́n má baà gbàgbé onítọ̀hún."

Oníbàárà á ní àmín, á sì máa wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n bí mi, tópásì ni tèmi, òkúta aláwọ̀ oyin. Oṣù kejì ni wọ́n bí àbúrò mi, amétístù ni tirẹ̀, elése àlùkò. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Bàbá kọ orúkọ wa méjèèjì síwájú Bíbélì ilé pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wa, ó sì ṣe òrùka fún wa. Orúkọ tó kọ síbẹ̀ fún àbúrò mi dára, ṣùgbọ́n Kékeré ni gbogbo wa ń pè é, títí tí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

*

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ń kú lọ, ọdún keje rèé. Láàárín ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Pe Kékeré wá."

Mi ò pè é.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n bí i, àtọjọ́ náà ni mi ò ti ní bàbá mọ́. Èmi ni mo kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀, síbẹ̀ Kékeré ló ń béèrè. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi nìkan, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó sọ fún mi ní ọjọ́ kẹta, mo gbé e mì, mo sì ránṣẹ́ sí Kékeré nígbà tí ara Bàbá ti tutù.

Ó wọlé, ó wo òkú, ó wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò pè mí."

Kò sunkún níwájú mi. Ó ń wá kí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, ó ń mú búrẹ́dì wá, ó ń kúnlẹ̀, ó ń bi mí nípa orúnkún mi tó ń dùn mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ ò mà tán o.

*

Kékeré ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló ti ń kọ orúkọ ọmọ olọ́mọ sínú ìwé ńlá. Òun náà ò bímọ. Ọkọ tó fẹ́ lọ lọ́jọ́ kan, kò sì padà wá.

Lójú ọ̀nà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ni ọkùnrin kan wà tó ń ṣe gíláàsì ojú. Onígíláàsì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Níwájú ìta, ó ń fi gíláàsì mú kí ojú tó ti ṣú tún ríran. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n ní ó lè ṣe òdì-kejì rẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ sọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé náà, bó ṣe rí gan-an ni mo gbọ́ ọ. Mo máa tó sọ ẹni tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí i?" Onígíláàsì bi í.

"Mi ò fẹ́ kó kú o."

"Àwọn tó ń wá síbí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Wọ́n kàn máa ń fẹ́ kó má sí mọ́ ni." Ó ń fi aṣọ nu gíláàsì kan, kò gbójú sókè. "Sọ ọ́ yéké."

Kékeré rò ó. "Kó wà láàárín èèyàn, kí wọ́n má rí i. Kó kí wọn, kí wọ́n má jẹ́ ẹ. Kí òun náà mọ bó ṣe rí kí wọ́n má pe èèyàn."

"Oṣù wo ni wọ́n bí i?"

"Oṣù kọkànlá. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mi ò lè ṣì í."

"Mú òkúta rẹ̀ wá fún mi, èyí tó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Láti ọjọ́ tí òkúta náà bá padà sílé, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Bí oòrùn ọjọ́ kọkànlélógún bá wọ̀, ó parí nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n pàápàá á gbàgbé pé wọ́n mọ̀ ọ́n rí. Ohun kan ló lè bà á jẹ́. Bí ọmọ ìyá rẹ̀ bá pè é kí ọjọ́ náà tó pé, tó sì dáhùn, ó ti tú."

Kékeré rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo rèé," ó ní. "Mi ò ní pè é."

*

Ọjọ́ Ẹtì kan ni òrùka mi sọnù. Mo máa ń bọ́ ọ sínú àwo ọṣẹ bí mo bá fẹ́ fi oògùn fọ fàdákà. Kékeré wá kí mi lọ́jọ́ náà, ó lọ, mo nawọ́ sínú àwo, àwo ṣófo. Mo tú ilé. Mo yẹ ihò omi wò. Ọwọ́ mi rí bí ọwọ́ ẹlòmíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Kékeré yà wá bí ó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ yá sísọ́ọ̀sì. Bó ṣe jáde ni mo rí òrùka nínú àwo ọṣẹ. Ó tutù bíi pé inú kànga ló sùn. Òwú dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìdí òkúta, ní ibi tí ọwọ́ kò lè dé àfi ọwọ́ oníṣẹ́. Bí mo ṣe fi ẹ̀mú fà á, ó já, ó sì fọ́ di eérú.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé náà, kò sí oníbàárà kankan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Olùkọ́ kan tó ti san àsansílẹ̀ òrùka ìgbéyàwó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì yí padà. Mo juwọ́ sí i láti ẹ̀yìn gíláàsì, kò rí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè kí n lè mọ̀ pé mo ṣì ní ohùn.

Ọjọ́rú ni mo jáde sí ìta tí mo bojú wẹ̀yìn. Pátákó ara ilẹ̀kùn ni! "A TI TÌ" ló kọjú síta. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé èmi àgbàlagbà ni mò ń sá fún pátákó. Mo yí i padà, oníbàárà mẹ́rin sì wọlé kí aago méjìlá tó lù.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Kékeré ló jáde gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Ajé. Pátákó kì í dédé yí ara rẹ̀ padà, òwú dúdú náà kì í sì í dédé wọ ìdí òkúta.

*

Mo gbé òrùka lọ bá Ìyá Agbẹ̀bí. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo bọ́ sí nígbà tí mo dé ayé. Kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ó gbóòórùn òrùka náà, ó sì gbé e sílẹ̀ kíá.

"Ó ti rìnrìn àjò," ó ní. "Àbúrò ẹ ńkọ́? Ọmọ tó fẹsẹ̀ jáde, tó fẹ́ẹ̀ẹ́ pa ìyá yín?"

"Ó wà, Màmá."

"Ẹ ṣì ń bára yín ṣeré?"

Mo ti òrùka náà sún mọ́ ọn. Ó mi orí.

Ó ní kí n sọ ìgbàyà Bàbá kalẹ̀ lóòórọ̀ kùtùkùtù, kí n da omi iyọ̀ sínú àwo funfun, kí n ju òrùka sí i, kí n wá pe orúkọ àwọn ọmọ méjèèjìlá gẹ́gẹ́ bí ìbí wọn, láti orí Rúbẹ́nì títí dé orí Bẹ́ńjámínì. Kí n pe tèmi ṣe ìkẹtàlá. "Bó bá jẹ́ ìwọ ló bá wá, omi á dúdú. Bí omi bá mọ́, má tíì yọ̀ o. Ó ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ nìyẹn."

Mo ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì. Mo pe gbogbo wọn. Mo pe ara mi.

Omi mọ́ gaara.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kan náà, wọ́n ń pín tíì ní ọ́fíìsì Kékeré. Ife kan fún akọ̀wé yìí, ife kan fún tọ̀hún. Obìnrin tó ń pín in kọjá níwájú rẹ̀. Kékeré rò pé ó ń fi òun ṣàwàdà. "Tèmi dà?" ó ní. Obìnrin náà ń bá orin tó ń kọ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá ọmọ tuntun kan dúró níwájú tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Kí lorúkọ ọmọ?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé kò sẹ́nì kankan níbí ni?"

Ọ̀gá dá a lóhùn láti iyàrá kejì pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, tábìlì yẹn ò lẹ́ni. Kékeré pariwo. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó gbé ìwé ńlá, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà. Yíǹkì náà wọnú ìwé lọ, kò fi àmì kankan sílẹ̀.

Ó sáré lọ bá Onígíláàsì. Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó wo òkè orí rẹ̀. Ó wọ gíláàsì tó nípọn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó tún wò. "Ta nìyẹn?" ó ní, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó ti ọ̀pá ìdènà bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìjọ kíákíá, bí ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé ọ̀dọ̀ mi.

Mò ń pa ẹnu òrùka kan dé lọ́wọ́. Gíláàsì kékeré wà lójú mi kan, òkúta wà lábẹ́ irin. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wò: bí ẹnu òrùka bá ti ń dé, a kì í gbórí sókè, ì báà jẹ́ ilé ló ń jó. Ẹ mí lásán, òkúta ti sán. Mo gbọ́ aago ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ gbígbóná sílẹ̀ fún un, mo kàn ń dúró kí irin yí i po tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀." Bàtà rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà ò rí mi ni?"

Mi ò gbórí sókè. Iṣẹ́ ló fà á, mo búra.

Ó wó jókòó sórí àga pupa, ó sì bú sẹ́kún. "Òun náà ò rí mi. Ah, mo gbé. Mo gbé!" Kí irin mi tó yí òkúta po tán, ó ti sọ gbogbo rẹ̀. Onígíláàsì, àwo ọṣẹ, pátákó ara ilẹ̀kùn tó yí padà nítorí pé oògùn ń pẹ́ jù lójú rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún, tíì, yíǹkì. Ó rò pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀! "O ò pè mí. Bàbá ń kú, o ò pè mí. Mo kàn fẹ́ kó dùn ẹ́ ni. Pè mí báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Mo lè gbórí sókè. Mo rí i kedere, pẹ̀lú òrùka elése àlùkò ní ìka rẹ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ló fẹ́ pa mí rẹ́ kúrò lójú ayé. Mo gbé òrùka mìíràn, mo tún tẹrí ba.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo wo òkúta tèmi lábẹ́ gíláàsì. Mo ti mọ ohun tí n óò rí. Inú oyin náà lọ́hùn-ún, àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ onígun-mẹ́ta wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń bá nínú amétístù. Ohun tí Bàbá sọ fún mi ní ọjọ́ kẹta nìyí: "Òkúta kan ṣoṣo ni mo rà nígbà tí a bí Kékeré. O ń sunkún pé ìwọ ò ní òrùka. Agbára mi ò ká tópásì. Mo la amétístù náà sí méjì, mo sin ìdajì sínú iyanrìn nínú ìkòkò, mo sè é lórí èédú títí tó fi pọ́n bí oyin. Èmi àgbà ìjọ, mo parọ́ fún ọmọ mi. Pe Kékeré wá, kí n sọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé òkúta kan náà lẹ jọ ní."

Iná lè pa amétístù láró, ṣùgbọ́n amétístù ni. Òkúta oṣù kejì ni Kékeré gbé lọ fún Onígíláàsì, òkúta tí wọ́n rà nítorí òun fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi mú un. Ká ní mo pè é lọ́jọ́ tí Bàbá ń kú ni, ì bá ti gbọ́. Bóyá nítorí ìdajì tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi ń rí i tí ayé ò rí i, mi ò mọ̀.

*

Mo ní n ó pè é. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo kàn ní kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò dáadáa. Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù, mo ka ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Mo ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀, n ó gbórí sókè.

Ó ń wá lójoojúmọ́. Aago mẹ́jọ ààbọ̀, á ti dé, á jókòó sórí àga pupa. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wọlé wá ra yẹtí, ó sì gbé báàgì ńlá rẹ̀ lé Kékeré nítan. "Mà, èèyàn wà níbí o," Kékeré wí. Ìyá náà tún gbé agbòòrùn lé e. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo dà á sí ikọ́.

Nígbà tó yá, kò bínú mọ́, kò sì sunkún púpọ̀. Ó kàn ń sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọkọ rẹ̀ tó lọ, bó ṣe ń se oúnjẹ ẹni méjì fún odindi ọdún kan lẹ́yìn náà. Ó sọ nípa ọjọ́ tí mo gbé e sẹ́yìn la omi òjò kọjá, tí bàtà mi kan bá omi lọ. Èmi tilẹ̀ ti gbàgbé bàtà yẹn. Ó ní, "O ò tiẹ̀ bú mi. O ní bàtà náà ti fún ẹ lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ohùn èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìbínú ti tán nínú mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè é, ojú á tì í, á dìde, á padà sí ọ́fíìsì àti ilé rẹ̀, kò sì ní tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Ìdí tí mo fi ń tẹrí ba nìyẹn. Mo fẹ́ kó ṣẹ́kù fún mi títí di ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó dìde nírọ̀lẹ́. "Ó di ọ̀la" ló máa ń wí. Lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dàbọ̀ o." Ó ti padà sí fífi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. "Mo ti dárí jì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mo di ẹ̀mú mú títí ọwọ́ mi fi ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìsinmi, mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo wà lókè, mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì kíá, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lẹ́. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Láyé Bàbá, a kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní ó ku ọ̀la. Mo ti ra búrẹ́dì sílẹ̀, mo ti mọ ohun tí n ó sọ: Kékeré, dúró tì mí, yàrá kejì ṣófo. Wọ́n kàn án títí oòrùn fi ń wọ̀. Lẹ́yìn náà wọn ò kàn án mọ́.

*

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbórí sókè.

"Kékeré, wọlé, jókòó."

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Mo dúró di aago mẹ́wàá. Mo lọ sí ojú ọ̀nà, mo ń pè é láàárín ìta bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo sáré lọ bá Ìyá Agbẹ̀bí, mo ní wọ́n ṣe nǹkan sí èèyàn mi kan, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni, òní ló sì pé.

"Ọjọ́ wo ni òkúta padà sílé?"

"Ọjọ́ Ajé, Màmá."

"Ajé yẹn ni ọjọ́ kìíní. Ajé kejì ni ọjọ́ kẹjọ. Ajé kẹta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ka ìka ẹ."

Mo kà á. Mo tún un kà. Bí ẹ bá gbé òrùka wá fún mi lónìí tí mo ní ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀la ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí a ṣe ń ṣe é níṣẹ́ wa nìyẹn, ọjọ́ tí a gba iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé àwọn àgbà ò kà á bẹ́ẹ̀. Àná ló pé, nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

"Ta ni wọ́n tiẹ̀ ṣe é sí?" Ìyá Agbẹ̀bí bi mí.

"Kékeré ni, Màmá. Àbúrò mi, tó fẹsẹ̀ jáde."

Ó nawọ́ fọwọ́ kan ojú mi pẹ̀lú àánú. "Ọmọ mi," ó ní, "ìwọ nìkan ni mo gbẹ̀bí ẹ fún ìyá ẹ."

Mo délé, mo ṣí Bíbélì. Orúkọ mi wà níbẹ̀ ní ọwọ́ Bàbá. Lábẹ́ rẹ̀, ibi tó funfun ni. Mo la ẹnu kí n sọ orúkọ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ padà, Kékeré nìkan ló jáde. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbìyànjú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kékeré, Kékeré. Mo ti pè é bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù.

Láràárọ̀, kí n tó gbé irin, mo máa ń pè é wọlé, mo sì máa ń dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń dáhùn. Nígbà míràn, tìmùtìmù àga pupa a rì díẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú mi. Bí ẹ bá ti bímọ ní ìlú yìí, tí ẹ sì rántí akọ̀wé kan tó kọ orúkọ ọmọ yín sílẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi òrùka elése àlùkò sọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún mi bí ó ṣe ń jẹ́. Aago mẹ́jọ ni mò ń ṣí. Mo ti ń ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi náà báyìí.